Pípadà sídìí gìtá kíkàn lẹ́yìn iṣẹ́ mìíràn

Antonio de Torres, káfíńtà ará Sípéènì tí àwọn tó ń kan gìtá olókùn ọ̀rá ṣì ń tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀ títí dòní, pa iṣẹ́ gìtá tì ní nǹkan bí 1870, ó lọ ń ta àwo tánńganran. Ní nǹkan bí 1875 ó tún padà sídìí rẹ̀, ó sì ń kàn án títí ó fi kú ní 1892. Nítorí náà, ẹni tó fi gìtá sílẹ̀ lọ wa bọ́ọ̀sì tàbí lọ ṣe nọ́ọ̀sì nílùú òkèèrè, tó wá fẹ́ padà, kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́. Ọwọ́ kì í tètè gbàgbé. Igi, gọ́ọ̀mù àti afẹ́fẹ́ inú yàrá ni kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Yàrá ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Nígbà òtútù, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná lè fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wálẹ̀ sí 30%, tàbí kó tún dín sí i. Ẹ ra aago tó ń wọn ọ̀rinrin, kí ẹ sì rí i pé ó wà láàárín 40% sí 50% ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá máa lẹ nǹkan mọ́ ojú gìtá tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé igi máa ń wú, ó sì máa ń súnkì ní ìbú, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ojú gìtá ró lábẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló dábùú rẹ̀. Bí ojú gìtá tí a lẹ̀ nígbà tí ọ̀rinrin wà ní 65% bá wá dé yàrá gbígbẹ, á fẹ́ súnkì, àwọn igi yẹn ò sì ní gbà fún un. Ó di kó là gbọọrọ. Bó bá jẹ́ pé inú ọ̀gbẹlẹ̀ la ti lẹ̀ ẹ́, wíwú ni yóò wú, okùn á sì ga sókè lórí ọrùn. Nínú méjèèjì, gbígbẹ díẹ̀ ló sàn jù: èyí tó wú ṣeé tún ṣe, èyí tó là di iṣẹ́ òmíràn.

Igi tí ẹ ti tò pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ lè dára ju èyí tí ẹ máa rà lọ, bí igi tín-ín-rín bá wà láàárín pákó kan àti èkejì tí afẹ́fẹ́ fi ń kọjá. Ẹ gé ibi tó ti sán ní ìpẹ̀kun kúrò. Ẹ wọn pákó kan lórí ìwọ̀n kékeré, ẹ kọ ọjọ́ àti ìwúwo rẹ̀ sára rẹ̀, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n lọ. Ìgbà tí iye náà kò bá yí padà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Gọ́ọ̀mù àtijọ́ ńkọ́? Ẹ dà á nù. Èyí tó bá ti dì rí nínú gáréèjì nígbà òtútù, tàbí tó ń fà yọ̀ọ̀ nígbà tí ẹ bá ń tú u, kò ṣeé fọkàn tán. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ lẹ àjákù igi méjì pọ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ kejì. Igi ló yẹ kó ya, kì í ṣe ojú ibi tí ẹ ti lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù awọ ẹran ní tirẹ̀ ń fẹ́ ooru ìwọ̀n 60 Celsius. Bó bá hó, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ẹ pọ́n irin yín tó kí ẹ tó ronú kan gìtá. Ẹ̀yìn ṣísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kí ẹ tó kan ẹnu rẹ̀: òkúta ìpọ́nrin 1000, lẹ́yìn náà 6000 tó kúnná jù ú lọ. Ìpẹ̀kun igi spruce, igi tí wọ́n sábà fi ń ṣe ojú gìtá, ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe irun apá. Spruce rọ̀, bí irin bá kú, á fọ́ ìpẹ̀kun igi náà wúruwùru dípò kó gé e dán.

Fún ojú ọrùn, bí gígùn okùn bá jẹ́ 650 mìlímítà, ẹ fi 17.817 pín in, kí ẹ sì tún máa fi iye kan náà pín èyí tó bá kù. Irin fret àkọ́kọ́, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn, á bọ́ sí 36.48, ìkejì sí 70.92, ìkejìlá sí 325 gẹ́lẹ́. Láti òkè ọrùn ni kí ẹ ti máa wọn gbogbo wọn. Ẹni tó ń wọ̀n láti fret kan sí èkejì á máa kó àṣìṣe kéékèèké jọ, nígbà tó bá fi dé ìkejìlá, gìtá náà kò ní bá ohùn mu mọ́. Eegun tí okùn gùn lé lórí bíríìjì, ìyẹn igi tí a lẹ̀ mọ́ ojú gìtá tí okùn so mọ́, á sún sẹ́yìn ní nǹkan bí mìlímítà 2, nítorí pé títẹ okùn mọ́lẹ̀ ń fà á le, ohùn á sì ga díẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ gìtá ni ìkánjú ti máa ń hàn. Ẹ fá a dé mìlímítà 2, ẹ fi omi rin ín, kí páìpù irin tí ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kán omi fi ń jó lórí rẹ̀. Ìbàdí ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ má fipá tẹ̀ ẹ́. Ẹ dúró títí igi fúnra rẹ̀ á fi rọ̀ lọ́wọ́ yín. Kí irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò gbà á mú kó má ṣẹ́.

Ẹ má náwó rẹpẹtẹ sórí igi ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Torres kan náà kan gìtá kan ní 1862 tó jẹ́ páálí ni ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti fi hàn pé ojú gìtá ló ni ohùn. Ọ̀gànwó tó rosewood, igi olówó gọbọi, lọ, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ní wàhálà ìwé. Láti 2 Jánúárì 2017 ni gbogbo ẹ̀yà Dalbergia, ìyẹn rosewood, ti wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa igi àti ẹranko tó ṣọ̀wọ́n kọjá ààlà; ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà náà sì ti wà lábẹ́ rẹ̀ láti 2023. Lóòótọ́, láti 26 Nòfẹ́ńbà 2019 wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ gìtá onírosewood tí a ti kàn parí sílẹ̀, ṣùgbọ́n pákó lásán kò sí nínú rẹ̀. Dalbergia nigra ti Bùràsíìlì le jù bẹ́ẹ̀ lọ láti 1992. Eruku rosewood pàápàá máa ń fa ara yíyún àti ikọ́ fún àwọn kan, ẹ lo ìbomú.

Ojú gìtá, bí ó bá jẹ́ spruce: 2.8 sí 3 mìlímítà fún okùn irin, 2.2 sí 2.5 fún okùn ọ̀rá. Ẹ dúró díẹ̀ ṣáájú iye yẹn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́, torí igi kan le ju òmíràn lọ.

Ẹ so okùn mọ́ ọn kí ẹ tó kùn ún. Okùn irin mẹ́fà ń fà á ní nǹkan bí 70 kìlógíráàmù, okùn ọ̀rá ní nǹkan bí 40. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa fi rúlà irin yẹ ojú rẹ̀ wò. Kó wú díẹ̀ lẹ́yìn bíríìjì, kó sì rì díẹ̀ níwájú rẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n bí bébà fẹ́lẹ́ bá lè wọ abẹ́ bíríìjì láti ẹ̀yìn, ẹ tú u, kí ẹ tún un lẹ̀ báyìí, nígbà tí kò tíì sí ọ̀dà tó máa bàjẹ́.