Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ ni kí ẹ ṣọ́ ìgúnpá ọmọ

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé òjò ló ń dá ọmọ lápá, torí pé ilẹ̀ ń yọ̀. Èmi ò gbà. Bí òjò bá ń rọ̀ ní Ìbàdàn, inú ilé lọmọ máa wà, yóò máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ilé-ìwé gba ọlidé, ni wọ́n ń já bọ́ látorí ohun gbogbo tó ṣeé gùn.

Ládùúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ló le jù. Máńgòrò ti ń pọ́n nígbà yẹn, ọlidé Àjíǹde sì wà láàárín ẹ̀. Orí igi máńgòrò lọmọ mi, ọmọ ọdún 6, ti já. Ó fọwọ́ tilẹ̀, gbogbo ìwúwo ara ẹ̀ bá bọ́ sí ìgúnpá. Lókè ìgúnpá díẹ̀ ni eegun ti fẹ́lẹ́ jù lára àwọn ọmọ ọdún 5 sí 7, ibẹ̀ náà ló dá. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti wú bíi búrẹ́dì tó mu tíì.

Màmá ilé kejì ti gbé òróró jáde, wọ́n fẹ́ bá a fà á. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fọwọ́ kàn án." Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọwọ́ gba iwájú ibẹ̀ gan-an kọjá, bí wọ́n bá fà á, eegun lè gún un. Gèlè ni mo fi so apá náà mọ́ àyà bó ṣe wà, a bá wọ Micra, ó di ọsibítù. Mi ò fún un lóúnjẹ, kí ikùn ẹ̀ lè ṣófo bí wọ́n bá fẹ́ fún un lóògùn oorun.

Ìka ọwọ́ ni kí ẹ máa wò, kí wọ́n tó fi POP, ìyẹn ẹfun líle tí wọ́n fi ń di eegun, dì í àti lẹ́yìn náà. Bó bá tutù, tó bá funfun, tí ọmọ ò lè jù ú, tàbí tí ìrora ń le sí i dípò kó rọlẹ̀, ẹ padà lọ lóru ọjọ́ náà. Ohun tí ò jẹ́ kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọparun to eegun nìyẹn: bí wọ́n bá so ó le nígbà tó ṣì ń wú, ọwọ́ lè kú pátápátá.

Agbálùmọ̀ ò yọ mí lẹ́nu, òun fúnra ẹ̀ ló ń já bọ́. Oṣù kẹjọ ni mo tún ń ṣọ́: òjò á sinmi díẹ̀, ọlidé gígùn á ti dé, fẹ́ǹsì ni wọ́n á máa fò tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Mo ti bẹ aládùúgbò wa pé kí wọ́n máa ṣí géètì fún wọn.