Ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó sí: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo rẹ Golf mi sílẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé sípírìngì wo ló dáa jù láti fi rẹ mọ́tò sílẹ̀ kó lè sún mọ́ ilẹ̀, ìbéèrè lèmi náà fi ń dá a lóhùn: ṣọ́ọ̀kì tó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò ọ̀hún ńkọ́? Ó ti pẹ́ tó? Àwọn kan máa ń bínú. Wọ́n ti rí Golf kan tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí Instagram, irú ẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, wọn ò wá ìtàn. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Golf 6 oní-dísù (dísẹ́ẹ̀lì) lèmi ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ́ńjìnnì 2.0 TDI. Òun ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń kó àwọn màmá ìjọ wa lọ́jọ́ Ìsinmi, òun náà ló ń ru kúlà jọlọ́ọ̀fù bí ará ilé bá ń ṣe òde. Mi ò ní mọ́tò kejì. Ẹni tó ń fi mọ́tò ṣe fàájì ní Sátidé nìkan lè dán ohun tí èmi ò lè dán wò.

Sípírìngì ló ń gbé mọ́tò dúró. Ṣọ́ọ̀kì ló ń dá sípírìngì lẹ́kun, kó má baà máa fò sókè sódò lẹ́yìn tí táyà bá ti kúrò nínú kòtò. Sípírìngì tí wọ́n ṣe láti rẹ mọ́tò sílẹ̀ kúrú, ó sì le ju èyí tó bá mọ́tò wá lọ, torí pé ààyè tí ẹsẹ̀ mọ́tò ní láti lọ sókè ti dín kù. Ṣọ́ọ̀kì tó ti rin 70,000 máìlì kò lágbára láti dá irú rẹ̀ lẹ́kun. Kódà bí ṣọ́ọ̀kì ọ̀hún bá tuntun, bí gígùn rẹ̀ bá jẹ́ ti àtilẹ̀wá, ọ̀pá rẹ̀ á ti wọlé jìnnà kí ẹ tó gbéra rárá. Kòtò kékeré báyìí, rọ́bà tó wà lórí ọ̀pá náà á ti forí gbá a. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sípírìngì líle, rọ́bà yẹn ni wọ́n ń gùn kiri.

Ẹ wo bí Bilstein, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì, ṣe to tiwọn. B4 ni arọ́pò èyí tó bá mọ́tò wá. B6 lágbára ju ìyẹn lọ, àmọ́ gígùn rẹ̀ ò yí padà. B8 ni wọ́n dìídì ṣe kúrú fún sípírìngì kúkurú. Wọ́n tún máa ń kó B8 pọ̀ mọ́ sípírìngì Eibach sínú páálí kan, wọ́n ń pè é ní B12. Èmi mú B8 pẹ̀lú sípírìngì Eibach Pro-Kit, tó ń rẹ Golf sílẹ̀ ní nǹkan bí 30 mm.

Wọ́n á ní kí ló dé tí mi ò ra coilover, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì àti sípírìngì tí wọ́n so pọ̀, tí èèyàn lè fọwọ́ yí sókè tàbí sísàlẹ̀. Ó dáa, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi tó rà á, ọjọ́ tí wọ́n dè é ni wọ́n yí i mọ, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù sì ti mú kí òrùka rẹ̀ gan pa. Ilé iṣẹ́ KW ń ṣe èyí tí irin rẹ̀ kì í dípẹtà, ẹni tó bá fẹ́ coilover dandan ní ìlú òtútù, kó wo ìyẹn. Èyí tó ń lo àpò afẹ́fẹ́ dípò sípírìngì, owó rẹ̀ ju mọ́tò mi lọ. Àwọn tó sì ń fi gírándà gé sípírìngì, èmi ò ní gun mọ́tò wọn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 30 mm? Òfin bọ́ǹpù ojú títì tọdún 1999 gbà kí bọ́ǹpù ga tó 100 mm nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdúgbò wa sì kún fún un. Kí n tó ra ohunkóhun, mo fi téèpù wọn mọ́tò láti àárín rìímù dé etí fẹ́ńdà, mi ò wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, torí afẹ́fẹ́ táyà lè tan èèyàn jẹ. Mo wọ̀n ọ́n ní òfìfo, mo tún wọ̀n ọ́n nígbà tí àwọn màmá ti jókòó tán. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá aṣọ ni mo fẹ́ rán fún mọ́tò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n méjèèjì yẹn ló sọ ibi tí mo gbọ́dọ̀ dúró. Àbúrò mi ní Èkó fẹ́ kí n fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ fún Corolla òun. Níbi tí ará àdúgbò ti ń mọ bọ́ǹpù fúnra wọn, tí ẹnikẹ́ni ò wọn gíga rẹ̀! Ṣọ́ọ̀kì KYB tuntun mẹ́rin ni mo fi ránṣẹ́, sípírìngì àtilẹ̀wá rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà. Ṣọ́ọ̀kì iwájú Golf 5 àti Golf 6 pín sí méjì bí ara wọn ṣe fẹ̀ tó, ti 50 mm àti ti 55 mm, ọ̀kan kì í wọ ojú èkejì. Ẹ wọ̀n ọ́n lára mọ́tò yín gan-an. Ẹ́ńjìnnì dísù wúwo ju ti pẹtiróòlù kékeré lọ, nítorí náà ìwúwo tí wọ́n kọ fún iwájú ni kí ẹ fi yan sípírìngì. Bó bá sì jẹ́ Golf 6 GTI lẹ ní, ilé iṣẹ́ ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní 22 mm níwájú àti 15 mm lẹ́yìn, ẹ má retí pé 30 mm tí wọ́n kọ sára páálí lẹ máa rí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa dè é, ẹ ra rọ́bà orí ṣọ́ọ̀kì, béríìnì rẹ̀ àti bóòtù tuntun tí wọ́n máa fi dè é mọ́ ọn. Iṣẹ́ kan náà ló máa tú wọn. Ohun tí mo dúró ti mẹkáníìkì fún ni buṣíìnì ẹ̀yìn. Rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ irin ni. Bí wọ́n bá dè é pa nígbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò ṣì ń rọ̀ dirodiro lórí jáàkì, tí mọ́tò bá sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà náà á wà ní lílọ́, kò sì ní pẹ́ tó fi ya. Kí wọ́n dè é wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ìwúwo mọ́tò bọ́ sórí táyà, kí wọ́n tó wá dè é pa. Lẹ́yìn náà aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kó dúró gún, ti ẹ̀yìn pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀gbẹ́ inú táyà á jẹ tán kí ẹ tó mọ̀. Iná iwájú náà ń fẹ́ títò, torí wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ní MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti xenon, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń tò ó.

Kí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan bóòtù kankan, ẹ pe àwọn ìnṣọ́ránsì. Wọ́n bi mí pé mm mélòó, ta ló máa ṣe é, wọ́n fi owó díẹ̀ kún tèmi, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.