Ẹ̀yìn Màmá

Àbúrò mi tó ń ṣe osteopathy, iṣẹ́ fífi ọwọ́ tọ́jú eegun àti iṣan, ní London wá kí wa ní Iléṣà, ló bá ní òun fẹ́ wo ẹ̀yìn tó ń dun Màmá. Màmá ti gbára dì, wọ́n rò pé eegun máa dún kà!

Ìbéèrè ló kọ́kọ́ dà bò wọ́n: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ ń kú tipiri? Ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n tẹ̀ba. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ń fọwọ́ tẹ ìbàdí wọn jẹ́jẹ́, tó ń na iṣan, tó ń yí oríkèé itan wọn. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn.

Ó ní ara lè ro wọ́n fún ọjọ́ kan sí méjì. Ṣùgbọ́n tí ìtọ̀ bá ń bọ́ lára wọn láìmọ̀, ọsibítù ni kíá.

Màmá bi í pé, "Èló lẹ ń gbà fún èyí lọ́hùn-ún?"

Ó dárúkọ iye.

"Háà! Ọmọ Òṣómàálò ni ẹ́ lóòótọ́!"