Ilé Herr: ayé Jámánì àti ayé Pennsylvania

Ní Lancaster, ní Pennsylvania tí mo ń gbé, ilé òkúta kan wà tí wọ́n fín "17 CH HR 19" sí òkè ilẹ̀kùn rẹ̀. Christian Herr ló kọ́ ọ ní 1719. Bàbá rẹ̀, Hans Herr, bíṣọ́ọ̀bù àwọn Mennonite (ìjọ Kristẹni kan), bá a gbé ibẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Èmi náà tó ṣí kúrò nílé, ayé tí wọ́n fi sílẹ̀ àti èyí tí wọ́n bá níbí ni mo máa ń fi wéra.

Ọmọ agbègbè Zürich ni bàbá náà. Ní Switzerland ìgbà yẹn, ẹni tó bá kọ̀ láti ṣèrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, tó tún kọ̀ láti gbé ohun ìjà, bí àwọn Mennonite ti ń ṣe, ọ̀daràn ni. Ìjọba Bern, ní Switzerland náà, yan àwọn tó ń dọdẹ wọn kiri, ó sì fi àwọn kan ránṣẹ́ láti máa fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ bí ẹrú. Ìdílé Herr àti àwọn Mennonite mìíràn sá lọ sí Palatinate ní Jámánì. Ibẹ̀ sàn díẹ̀, torí alákòóso rẹ̀ ń wá àgbẹ̀ tí yóò tún ilẹ̀ tí ogun bàjẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n òfin 1664 ní wọn ò gbọdọ̀ ju 20 lọ níbi ìsìn, wọn ò sì gbọdọ̀ gba ẹlòmíràn sínú ìjọ. Ọdọọdún ni wọ́n tún ń sanwó kí wọ́n tó lè máa gbé ibẹ̀. Ẹ wò ó ná: bí èèyàn bá pé 21, ta ni kó jáde síta lọ́jọ́ ìsinmi?

Òtútù ọdún 1709 tún wá pa àjàrà wọn. Ní 1710, ìdílé Herr àti àwọn mìíràn nínú wọn dé Pennsylvania, wọ́n gba éékà 10,000 létí odò Pequea. Igbó ni gbogbo rẹ̀, Philadelphia sì jìnnà tó máìlì 60. Iṣẹ́ ibẹ̀ le ju ti Jámánì lọ, mo gbà. Àmọ́ ilé Christian yẹn, tí wọ́n kọ́ bíi ti Jámánì, òrùlé rẹ̀ ga ṣóńṣó, fèrèsé rẹ̀ kéékèèké, òun náà ni ilé ìsìn wọn. Kò sẹ́ni tó ń ka orí wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn Conestoga, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti wà lágbègbè náà ṣáájú wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1763, àwọn aláwọ̀ funfun kan pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ́kù nínú wọn, títí kan àwọn tí ìjọba kó pamọ́ sínú ìlú Lancaster. Mi ò lè ròyìn ìrọ̀rùn tí ìdílé Herr rí kí n fo èyí.