Ògiri Abẹ́ Ilé Wa ní Oakland: Kíka Ìṣó àti Ṣíṣírò Agbára Wọn

Ọ̀sẹ̀ kẹta iṣẹ́ yìí parí lánàá, mo sì ti ní iye kan tí ọkàn mi gbà báyìí. Ilé onígi ni ilé wa ní Oakland, ní ìpínlẹ̀ California. Wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1925, ó sì jókòó lórí ìpìlẹ̀ kọnkéré, ṣùgbọ́n láàárín ìpìlẹ̀ náà àti pákó tí a ń tẹ̀ nínú ilé, ògiri kúkúrú kan wà tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2½. Ìlà Hayward, níbi tí ilẹ̀ ti là nísàlẹ̀, gba àárín ìlú wa kọjá, òun ló sì fa ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá ọdún 1868. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, ògiri kúkúrú yìí ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí pé gbogbo ẹrù ilé ló wà lórí rẹ̀.

Ẹni tó ni ilé náà ṣáájú wa ti kan pílíwúdù mọ́ ọn. Pílíwúdù náà nípọn tó 15/32 íńṣì, kò sì jẹrà níbì kankan, nítorí náà n kò kọ́kọ́ fura. Ṣùgbọ́n etí pílíwúdù ni agbára wà: bí ògiri bá fẹ́ yẹ̀, ìṣó tó yí etí náà ká ni yóò máa tẹ̀, tí orí rẹ̀ yóò sì di pákó mú kí ó má baà ṣí. Mo fi òòfà wá gbogbo ìṣó etí pákó 2 tó wà lápá àríwá, mo fi ẹfun sàmì sí wọn, ìyàwó mi sì ń kọ iye wọn sílẹ̀ bí mo ti ń pè é.

Ìṣó 42 ni a rí. Mẹ́ta nínú wọn kò bá òpó rárá, wọ́n kàn yọ sẹ́yìn pákó lásán, nítorí náà n kò kà wọ́n. Mo fa 5 nínú ìyókù yọ, mo sì wọ̀n wọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà tí mo dàgbà sí àárín wọn ní Ìbàdàn, gígùn ni a fi ń pe ìṣó, kò sí ẹni tó ń béèrè ìnípọn rẹ̀. Ìyẹn ni n kò fi ronú kàn án tẹ́lẹ̀. Oríṣi 2 tí wọ́n ń pè ní 8d níhìn-ín jọ gùn tó íńṣì 2½, ṣùgbọ́n ọ̀kan nípọn tó 0.131 íńṣì, èkejì kò ju 0.113 lọ. Èyí tó tín-ín-rín ni wọ́n lò.

Fún òpó Douglas fir (ẹni tó ń ta pákó ló bá mi dá igi náà mọ̀), àwọn tábìlì tí àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà ń lò fún ìmìtìtì ilẹ̀ fún ìṣó 0.131, tí àlàfo wọn jẹ́ íńṣì 6, ní agbára 260 pọ́ùn lórí ẹsẹ̀ bàtà ògiri kọ̀ọ̀kan. Bí ìṣó bá tẹ̀, agbára rẹ̀ a máa tẹ̀lé ìnípọn tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀. Mo lo òfin yìí nítorí pé ó le jù, ó sì sọ 260 di 193. Àlàfo tiwa jẹ́ íńṣì 8, kì í ṣe 6, nítorí náà 193 di 145. Lórí ẹsẹ̀ bàtà 8 tí pákó 2 náà gbà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,160 pọ́ùn.

Ìṣó 12 ṣì wà tí wọ́n gbá wọlé jù, tí orí wọn ti ya awẹ́ òkè pílíwúdù. APA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe pílíwúdù, ní kí a fi ìṣó 1 kún un fún méjì-méjì irú wọn, nítorí náà mo ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìdajì. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju 980 pọ́ùn lọ, nígbà tí iṣẹ́ tó péye ì bá fún wa ní 2,080.

N kò ní tú pílíwúdù náà. Ìṣó 0.131 ni n ó fi kún àárín àwọn ti tẹ́lẹ̀, n ó sì kọ́kọ́ lu ihò tín-ín-rín kí òpó gbígbẹ náà má baà sán. Òòlù ọwọ́ ni n ó lò, kí orí ìṣó lè dọ́gba pẹ̀lú ojú pákó. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n tó kan ẹyọ kan, n ó yẹ àwọn bóòtù tó so igi ìsàlẹ̀ mọ́ kọnkéré wò, nítorí pé bí wọn kò bá lè gbé ju 980 yẹn lọ, ìṣó tuntun kò ní fi nǹkan kan kún un.