Ọwọ́ tó bá di próòbù mú ló ń kọ́ṣẹ́

Lánàá ní ẹmájẹ́ńsì, ẹ̀yìn ni mo ká ọwọ́ mi méjèèjì sí, torí mo ti pinnu pé mi ò ní já próòbù ọ́tírásáǹdì, èyí tá a fi ń wo inú ara, gbà lọ́wọ́ rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń já a gbà. Tí wọn ò bá tíì rí ọkàn láàárín ìṣẹ́jú kan, màá ní "mú un wá", màá gbé e síbi tó yẹ, àwòrán á yọ kedere, gbogbo wọn á mirí, inú mi á dùn pé mo ti kọ́ wọn. Àfìgbà tí ọ̀kan nínú wọn pè mí láago méjì òru, òun nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ní "Mà, eegun ìhà nìkan ni mò ń rí, mi ò rí ọkàn." Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mi ò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Toò, lánàá. Wọ́n gbé màmá kan wá, àdìrẹ ni wọ́n ń tà n'Ítòkú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ wú, wọn ò lè sùn sílẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀, dírípù sì ti wà lọ́wọ́ wọn. Ṣé ká fa omi sí i ni àbí ká dá a dúró? Ní Abẹ́òkúta wa níbí, láàárín 2009 sí 2010, wọ́n kọ àkọsílẹ̀ èèyàn 452 tí ọkàn wọn ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nítorí náà irú màmá yìí á máa wá ni.

Mi ò sọ pé kí àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì di dókítà ọkàn o. Ṣé omi yí ọkàn ká, ṣé ó ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa, ṣé apá ọ̀tún ti wú ju tòsì lọ, ṣé iṣan ńlá tó ń darí ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn kún, ó parí.

Rẹ́sídẹ́ǹtì gbé próòbù lé màmá láyà, dúdú ni gbogbo àwòrán ẹ̀, ó wá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Ìka ń yún mi lẹ́yìn níbẹ̀. Mo ní, "Sọ fún màmá kí wọ́n fara ti apá òsì díẹ̀, ọkàn á sún mọ́ ẹ, ẹ̀dọ̀fóró á yẹ̀ lọ́nà. Fi ìka kékeré ẹ gúnlẹ̀ sáyà wọn kọ́wọ́ má bàa yọ̀. Má tíì yí i, kọ́kọ́ fà á wálẹ̀ díẹ̀." Ó ṣe bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ọkàn wá yọ. Ilẹ̀kùn apá òsì inú ọkàn, tọ́kàn bá lágbára, ńṣe ló máa ń ṣí títí táá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri àárín, tí àyè tó kù bá ti ju mìlímítà 7 lọ, ẹ fura pé kò fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa. Ti màmá kàn ń mì jẹ́jẹ́ ni, ó jìnnà sógiri gan-an.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ti dírípù yẹn." Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o, òun ni.

Èyí tó tún le ni tẹni tọ́kàn ẹ̀ dúró tí a ń tẹ̀ láyà. Kí próòbù ti wà nípò kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, sẹ́kọ́ńdù 10 péré, gba fídíò, gbé e kúrò, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ìgbà yẹn lo máa wá wo fídíò. Màá máa ka 10 yẹn sókè fún wọn.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà pàjáwìrì Amẹ́ríkà, ACEP, ní kí ẹni tó ń kọ́ irú àyẹ̀wò yìí ṣe é nígbà 25 sí 50. Lójú tèmi, èyí tí ọ̀gá bá gbà lọ́wọ́ ẹ kò sí lára ẹ̀. Tọmọ yìí lánàá wà lára ẹ̀. Ó nu jẹ́ẹ̀lì kúrò láyà màmá, ó fa ìwé ẹ̀ yọ, ó kọ 11 sí i.