Gìtá kékeré fún àwọn ọmọ ọmọ mi: ibi tí iṣẹ́ dé

Iṣẹ́ ti kọjá orí ìwé. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti tẹ̀ bó ṣe yẹ, ojú gìtá ti fẹ́lẹ́ tó, ọrùn ni mo ń gbẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ méjì ló máa lò ó, àwọn méjèèjì ṣì kéré, nítorí náà ìka wọn ni mo kọ́kọ́ wọ̀n kí n tó wọn igi.

Lórí gìtá àgbà tó ń lo okùn náílọ̀n, okùn sábà máa ń gùn tó 650 mm láti ìsàlẹ̀ orí gìtá dé ibi tó ti jókòó lórí bridge, ìyẹn igi kékeré tó di okùn mú lójú gìtá. Mo mú 530 mm. Ẹlòmíì á rò pé kéèyàn ṣáà dín gbogbo nǹkan kù bákan náà, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tí ẹ bá fi okùn gìtá àgbà sórí 530 mm, tí ẹ sì lọ́ ọ dé ohùn kan náà, fífà rẹ̀ á wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Okùn á dẹ̀, á máa gbọ̀n lu fret, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá. Ẹ lè lọ́ gbogbo okùn sókè, kí èyí tó ń dún ohùn E di ohùn G, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ le bíi ti gìtá àgbà. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí lè bá gìtá mi ṣeré pọ̀, kí ibi tí mo bá tẹ̀ jẹ́ ibi táwọn náà máa tẹ̀, nítorí náà okùn náílọ̀n tó le jù ni mo máa fi sí i. Wáyà ò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó máa ń dun ọmọdé níka, ọmọ tí ìka bá ń dùn á gbé gìtá tì ni.

Fret ò le, ìṣirò ni. Mo fi 17.817, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wá àyè fret, pín 530, ó fún mi ní 29.75 mm fún ti àkọ́kọ́. Mo tún fi í pín 500.25 tó ṣẹ́ kù, mo sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Fret kejìlá gbọ́dọ̀ bọ́ sí 265 mm gééré, ìyẹn ìdajì. Láti orí ni kí ẹ ti máa wọn gbogbo wọn, ẹ má ṣe wọ̀n láti ìkan dé èkejì, torí ìyàtọ̀ tín-ín-tín á máa gun ara wọn lórí.

Ojú gìtá ló gbà mí lákòókò jù, kò sì dùn mí. Lọ́dún 1862, Antonio de Torres, ará Sípéènì tí àwọn tó ń ṣe gìtá ṣì ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ títí dòní, ṣe gìtá kan tó fi páálí ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú nìkan ló fi igi gidi ṣe, ó sì dún. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́. Igi spruce ni tèmi, pákó méjì tí mo lẹ̀ pọ̀ láàárín, tí ìlà ara wọn tọ́ gbọọrọ. Bí mo ṣe ń fá a ni mo ń fi ìka méjì gbé e létí, tí mo ń kàn án láàárín. Nígbà tó ṣì nípọn, "kó, kó" ló ń ké. Ó lé díẹ̀ ní 2 mm kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún "gbìn-ìn", tí ohùn náà sì ń pẹ́ kó tó lọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbé ìfági sílẹ̀. Torres a máa to igi tẹ́ẹ́rẹ́ méje sí abẹ́ ojú gìtá rẹ̀. Márùn-ún tó fún èyí, torí ojú rẹ̀ ò fẹ̀.

Ọ̀gànwó ni ẹ̀gbẹ́. Páìpù onírin gbígbóná ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Tí omi tí ẹ bá ta sí páìpù bá ké "ṣàà" tó sì fò dànù, ó ti gbóná tó. Ẹ rẹ igi náà sómi, ẹ gbé e lé e, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má fi agbára kún un. Á kọ́kọ́ le kankan, lẹ́yìn náà ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ti gbà. Ìbàdí gìtá ló ṣòro jù, torí ibẹ̀ ló ká jù. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ náà dúró tì mí: "Bàbá àgbà, ṣé kò ní kán mọ́ yín lọ́wọ́?" Kò kán.

Ọrùn ni mo wà báyìí. Ti gìtá àgbà máa ń fẹ̀ tó 52 mm lókè. 46 mm ni mo ṣe èyí kí ìka kékeré lè dé okùn kẹfà. Ṣùgbọ́n n ò dín nínípọn rẹ̀ kù tó bẹ́ẹ̀, torí okùn líle lè tẹ ọrùn tó bá fẹ́lẹ́ jù.

Lẹ́yìn èyí, ó ku kí n lẹ ẹ̀yìn mọ́ ọn, kí n kan fret, kí n sì gbé bridge sójú. N ò ní jẹ́ kí okùn jókòó ní 530 mm gan-an, màá sún un sẹ́yìn ní nǹkan bíi 2 mm, nítorí pé bí ìka bá ti tẹ okùn, ó ń fà á díẹ̀ sí i, ohùn á sì gòkè ju bó ṣe yẹ lọ. Shellac fẹ́lẹ́ ni màá fi kun ojú rẹ̀, òróró lásán ni màá fi pa ọrùn.